Ta Ló Ṣe Ìpinnu Náà, Ìwọ Tàbí Káàdì?

Àwọn oníṣòwò wà ní London àti New York lónìí tí wọn kì í fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ da káàdì tarot sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ awokáàdì. Ẹni tó fẹ́ yáwó ní báńkì ń lọ. Ọ̀gá tí kò mọ̀ bóyá kí òun gba ẹnìkan síṣẹ́ tàbí kí òun ní kó máa lọ, òun náà ń lọ. Wọn kì í fi pamọ́ mọ́ bíi ti àtijọ́, àwọn awokáàdì kan sì ti ń pe ara wọn ní agbaninímọ̀ràn lórí òwò.

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá káàdì mọ ọ̀la. Èmi ò gbà pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tí mo gbé wá. Ìwà ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n, ìwà ẹni tó ń wo káàdì fún owó àti ti ẹni tó ń bi í léèrè, pàápàá bí ẹni náà bá jẹ́ ọ̀gá lórí ẹlòmíràn. Ọmọlúàbí ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi tọ́ mi, òun náà ni mo mú dání.

Eré ni tarot nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní àríwá Ítálì, láàárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọlọ́lá Milan àti Ferrara ń fi í najú láàfin. Káàdì 78 ni. 22 nínú wọn jẹ́ àwòrán bíi Òmùgọ̀, Ikú, àti Ilé Ìṣọ́ tí mànàmáná ń wó lulẹ̀. 56 tó kù pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: ife, idà, ọ̀pá àti owó. Ó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí Antoine Court de Gébelin, ọ̀mọ̀wé kan ní Paris, tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1781 pé ọgbọ́n àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ló fara pamọ́ sínú káàdì wọ̀nyí. Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Lásìkò náà, kò sí ẹni tó lè ka ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Ó di 1822 kí Champollion, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, tó rí ojútùú rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì kà á tán, wọn ò bá tarot níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ti tà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alliette ti kọ orúkọ ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó di Etteilla, ó gbé ìwé jáde ní 1785 lórí bí a ṣe ń fi káàdì náà wo ọ̀la, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́. Ní Faransé títí di òní, àwọn èèyàn ṣì ń fi tarot ṣeré lásán nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó ń bi í nípa owó oṣù.

Mo tọ́ka sí ìtàn yìí nítorí pé ẹni tó bá purọ́ ìran mọ́ ọjà rẹ̀ ti jáde nínú ẹgbẹ́ ọmọlúàbí kí oníbàárà tó jókòó. Awokáàdì tó bá sọ fún oníṣòwò pé ọgbọ́n Íjíbítì ni òun fẹ́ fi bá a wo òwò rẹ̀, ó yẹ kí oníṣòwò náà tún ìwé owó tó bá ti san yẹ̀ wò.

Káàdì tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò lónìí jáde ní London ní oṣù Kejìlá 1909. William Rider ni ilé ìtẹ̀wé náà, Arthur Edward Waite ló sì gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán gbogbo rẹ̀ ni Pamela Colman Smith, obìnrin tí wọ́n bí ní London ní 1878, tó gbé ní Jàmáíkà nígbà èwe rẹ̀, tó sì gbé ìwé ààlọ́ Anansi tó gbọ́ níbẹ̀ jáde ní 1899. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ káàdì kéékèèké inú tarot kò ní àwòrán tó ń sọ ìtàn. Ife mẹ́ta jẹ́ ife mẹ́ta lásán. Òun ló fi èèyàn sínú wọn. Ó ya oníṣọ̀nà tó ń fi òòlù lu owó lórí bẹ́ǹṣì, ó ya ọkùnrin tó ru ọ̀pá mẹ́wàá títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, ó ya olówó tó di òṣùwọ̀n mú lọ́wọ́ kan tó ń fi èkejì pín owó fún àwọn tó kúnlẹ̀. Àwọn àwòrán tí ẹni tó ń béèrè nípa iṣẹ́ àti owó ń wò jù lọ nìyẹn, ọwọ́ obìnrin kan ni gbogbo wọn ti jáde láàárín oṣù bíi mẹ́fà.

Lọ́dún 1909 náà, Pamela kọ lẹ́tà sí Alfred Stieglitz, ayafọ́tò kan ní New York, pé iṣẹ́ ńlá lòun ṣe yẹn, owó tí wọ́n san kò sì tó nǹkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ Rider àti ti Waite ni wọ́n fi ń pe káàdì náà. Orúkọ tirẹ̀ ò sí níbẹ̀, àfi àmì kékeré tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí igun àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ó kú ní Bude, ní Cornwall, ní 1951, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀ débi pé wọ́n ta àwọn nǹkan rẹ̀. Káàdì tó yà wá di ọ̀kan lára àwọn tó tà jù lọ lágbàáyé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ nípa òwò lára tarot, ibí yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní láti fa káàdì kankan. Kó bi ara rẹ̀ pé ta ni Pamela nínú ilé iṣẹ́ òun: ta ló ń ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń rí, tí orúkọ rẹ̀ ò sí lórí páálí?

Báwo ni wọ́n ṣe ń wò ó fún òwò? Lọ́pọ̀ ìgbà káàdì mẹ́ta ni: ọ̀kan fún ibi tí òwò ti ń bọ̀, ọ̀kan fún ibi tó wà, ọ̀kan fún ibi tó ń lọ. Awokáàdì á ṣàlàyé, oníbàárà á mi orí, ọ̀rọ̀ náà á sì jọ tirẹ̀. Ìdí tó fi ń jọ ọ́ ti hàn tipẹ́. Ní 1948, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní àkọsílẹ̀ nípa ìwà wọn, ó sì ní kí oníkálùkù sọ bó ṣe bá òun mu tó. Àròpín máàkì tí wọ́n fún un ju 4 lọ nínú 5. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn gbà. Inú ìwé awòràwọ̀ tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ló ti ṣa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ.

Síbẹ̀, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn fi àwòrán ta ọpọlọ rẹ̀ jí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti há lè rí ọkùnrin tó ru ọ̀pá mẹ́wàá, kó sì rántí pé òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta. Ìrántí yẹn jẹ́ òótọ́, ibi yòówù kó ti wá. Ní 1975, olórin Brian Eno àti ayàwòrán Peter Schmidt ṣe àpótí káàdì kan tí wọ́n pè ní Oblique Strategies, tó kún fún àbá kúkúrú tí èèyàn lè fà bí iṣẹ́ bá dúró sójú kan. Wọn ò sọ pé káàdì náà mọ ohunkóhun. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí Yorùbá sì má wá fi ẹnu ẹ̀gàn dá sí i. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bí ọmọ bá dé ayé, àwọn baba wa ń ṣe àkọsẹ̀jayé fún un kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tó bá orí rẹ̀ mu, iṣẹ́ tí yóò ṣe sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Oníbèéèrè lè fi ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó tó mú wá, kí babaláwo má sì gbọ́ ọ, tó fi jẹ́ pé babaláwo ò lè ka ojú oníbàárà kó wá pè é ní Ifá. Odù 256 ló wà, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ awo sì fi ń kọ́ ẹsẹ wọn. Bí babaláwo bá ń kì í lọ, oníbèéèrè fúnra rẹ̀ ló máa mọ ibi tó ti bá ọ̀rọ̀ òun mu. Ọba tó dífá tán ṣì ní láti pe ìjòyè jọ, nítorí ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn babaláwo èké wà o, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó ṣètò ayẹ̀wò náà mọ̀ pé ẹni tó ń wò lè ṣèké, wọ́n sì di ibi tí èké lè gbà wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí ìpinnu ti kan ọrùn ẹlòmíràn. Ká ní ọ̀gá kan fa káàdì lórí òṣìṣẹ́ rẹ̀, Ilé Ìṣọ́ jáde, ọ̀gá sì ní kó máa lọ. Kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tó bá pè é wọ yàrá? Kò jẹ́ sọ pé káàdì ni. Yóò ní ọjà ò yá, yóò ní ilé iṣẹ́ fẹ́ tún ètò ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tí kò ṣeé sọ lójú ẹni tó kàn, irọ́ ni yóò fi rọ́pò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá tí kò fọwọ́ kan tarot rí náà ń ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó fi ìkórìíra lé òṣìṣẹ́ lọ burú ju ẹni tó fi káàdì lé e lọ, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé gíráàfù aláràbarà ni wọ́n fi ń bo ohun tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni mo ní fún gbogbo wọn: ṣé o lè wo ojú rẹ̀ kí o sọ ìdí náà?

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní White House ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn lu Ààrẹ Ronald Reagan ní oṣù Kẹta 1981, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Nancy ìyàwó rẹ̀, ó sì ń bá awòràwọ̀ kan ní San Francisco, Joan Quigley, sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti mọ ọjọ́ tó dára fún ìrìn àjò àti ìpàdé. Ìràwọ̀ ni, kì í ṣe káàdì, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Donald Regan, tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ló tú àṣírí náà nínú ìwé tó gbé jáde ní 1988. Ó ní kàlẹ́ńdà kan wà lórí tábìlì òun tí wọ́n fi àwọ̀ ewé sàmì sí ọjọ́ rere, pupa sí ọjọ́ burúkú, yẹ́lò sí èyí tí kò dájú. Nancy fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé tirẹ̀ ní 1989 pé ìbẹ̀rù ló sún òun débẹ̀. N kò lè dá a lẹ́bi ìbẹ̀rù. Ìyàwó wo ni wọn yóò yìnbọn lu ọkọ rẹ̀ tí kò ní wá ibi ìsádi? Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń tún ètò wọn tò nítorí àwọ̀ kàlẹ́ńdà kò mọ̀ pé ìràwọ̀ ni àwọn ń sìn. Regan náà ò mọ́ lójú mi. Ó mọ̀, ó ń bá wọn fi ọjọ́ sí kàlẹ́ńdà náà, kò ya ẹnu rẹ̀ títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1987, tí ìjà òun àti Nancy sì ti di ọ̀rọ̀ ìgboro. Òtítọ́ tó jáde nígbà tí inú bí èèyàn ṣì jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ mọ́ ti ọmọlúàbí.

Kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbowó. Òfin ìpínlẹ̀ New York ka gbígba owó láti sọ ọ̀la ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀, àti gbígba owó láti tú èpè, àyàfi tó bá jẹ́ eré ìdárayá lásán. Nítorí náà, àwọn awokáàdì ń kọ ọ́ síta pé eré ni. Lókè, wọ́n á ní àwọn yóò tọ́ òwò rẹ sọ́nà. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n á ní ẹ má gbà á gbọ́. Ẹnu méjì nìyẹn. Kí wọ́n mú ọ̀kan. Èyí tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń dẹ́rù ba ẹni tí òwò rẹ̀ ti ń ṣubú, tí wọ́n ní ẹnìkan ló fi èpè dí i lọ́nà, kí ó tún san owó mìíràn. Ẹni tó jẹ gbèsè ni wọ́n ń tẹ̀ lórí mọ́lẹ̀ sínú gbèsè.

Ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù fa káàdì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí àwọn pa iṣẹ́ dà, n kò ka tiwọn sí ọ̀ràn ńlá, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ tiwa náà wà nínú wọn. Orí ara wọn ni wọ́n ń bá ṣeré. Bí káàdì Ikú bá jáde tí ó mú kí ọmọbìnrin kan jókòó kọ iye owó tó ní nípamọ́ àti oṣù tí yóò gbé e dé, káàdì ti ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kó tún lọ bá ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ lọ ṣe náà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní onígbọ̀wọ́ ní báńkì, bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó fọwọ́ síwèé nítorí owó oṣù tó ń wọlé, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní tirẹ̀ nìkan. Kó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ náà kí ó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kó sọ fún un pé káàdì wà nínú ohun tó sún òun, kó sì gbé ìṣirò owó náà síwájú rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ náà bá ní orúkọ òun ò sí fún irú èyí, kí wọ́n jọ lọ wá onígbọ̀wọ́ mìíràn, kí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ sì ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ títí wọn yóò fi rí i.