Ẹ̀bi, Ìtìjú, àti Ẹni tí Ọtí Di Bárakú Fún

Nígbà tí ọkùnrin kan bá jí lówùúrọ̀, tí ó sì rántí pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òun ni òun fi mu ògógóró lálẹ́ àná, ohun méjì ni ó ń bá a jà: ẹ̀bi àti ìtìjú. Àwa tí ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni ẹ̀bi: a ń dá ni lẹ́bi, a sì lè dá ni sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ni ìtìjú: ẹni tí ojú ń tì kò lè gbé ojú sókè wo ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ̀bi a máa wí pé, “Ohun tí o ṣe kò dára, lọ tún un ṣe.” Ìtìjú a máa wí pé, “Ìwọ gan-an ni kò dára. Lọ sá pamọ́.” Níbo ni ọ̀mùtí yóò sì sá sí, bí kò ṣe ìdí ọtí? Báyìí ni ìtìjú àná ṣe ń di ọtí òní.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ikú yá ju ẹ̀sín. Òwe rere ni fún ẹni tí kò tíì ṣubú, kí ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á fún ẹni tí ó ti ṣubú, ó lè gbà á gbọ́.

Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Bill Wilson, tí ọtí ti ba ayé rẹ̀ jẹ́ rí, wá ọ̀mùtí mìíràn láti bá sọ̀rọ̀, kí òun má baà padà sínú rẹ̀. Dókítà kan, Robert Smith, ni ó rí. Láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìgbésẹ̀ 12 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1939, ọ̀mùtí ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ fún Ọlọ́run, fún ara rẹ̀ àti fún ẹlòmíràn. Kí ó sì ṣe àtúnṣe lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀, àfi bí èyí yóò bá pa wọ́n lára. Wọn kò sẹ́ ẹ̀bi náà. Wọ́n la ọ̀nà fún un. Ìtìjú ni ó pàdánù agbára rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó jókòó tì í nípàdé ti ṣubú bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí Noa mutí yó, Ṣemu àti Jafeti fi ẹ̀yìn rìn wọlé, wọ́n sì bo ìhòòhò rẹ̀ láìwò ó. Wọn kò sọ pé kò mutí. Wọn kò sì pe ará àdúgbò wá wò ó.

Ìdáríjì kì í ṣe ìfọwọ́sí. Aya tí ó ti dárí ji ọkọ rẹ̀ ṣì lè fi owó oúnjẹ pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáríjì kò rọ́pò ìwòsàn: ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára, bí ó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè kú, nítorí náà, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bá a gbé ẹ̀bi rẹ̀ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ mú aṣọ lọ́wọ́ fún ìtìjú rẹ̀.