Iṣẹ́ Olúwa àti Ìyá Ẹni
Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ Olúwa, ṣé ó yẹ kí ó gbàgbé ilé? Èmi ò gbà. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821. Nígbà tí ó mú ìhìnrere dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ẹkún kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ kò fi màmá sílẹ̀. Ní 1848 màmá gba ìrìbọmi, wọ́n sì ń jẹ́ Hánà (Sámúẹ́lì sì lorúkọ ọmọ!).

Ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò tó wà ní Àbíjàn, owó tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí ìjọ ń tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìyá yín ńkọ́, ìgbà wo lẹ rí wọn gbẹ̀yìn?