Bí Ohùn Bá Yẹ̀ Lójú Ìjọ: Ṣé Kí Akọrin Fi Àga Rẹ̀ Sílẹ̀?

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ orin nínú ilé Ọlọ́run, mo rò ó títí. Bí ó bá jẹ́ ti yíyin ẹgbẹ́ akọrin ni, àwọn ẹlòmíràn yóò ṣe é nínú ìwé yìí kan náà, àwòrán wọn ṣáà wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ sọ ni mo fẹ́ sọ. Kí ni akọrin, onílù tàbí atẹdùrù yóò ṣe nígbà tí ó bá ṣe àṣìṣe lójú gbogbo ìjọ, tí ọkàn rẹ̀ wá ń wí fún un pé, "Ìwọ yìí, ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí o máa jókòó síbẹ̀ yẹn?"

Kì í ṣe àgbọ́sọ ni mo fẹ́ fi dáhùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí.

Ìkórè ọdún 1981 ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn mi sì ń dùn mọ́ èmi fúnra mi gan-an ni. Ilé ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìjọ kan tí ẹgbẹ́ akọrin wọn lórúkọ wá bá wa ṣe é, wọ́n jókòó sí apá ọ̀tún pẹ̀lú ìwé nóòtì lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn olórí ṣe fẹ́ máa wọlé báyìí, iná lọ. Dùrù oníná tí a fi owó ìkórè ọdún tó ṣáájú rà dákẹ́ lójijì. Ọ̀gá akọrin wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fọwọ́ kàn mí léjìká: "Dá orin náà."

Mo dá a. Nítorí pé mo fẹ́ kí àwọn àlejò gbọ́ mi, òkè ni mo ti mú un. Ìlà kìíní lọ dáadáa. Ní ìlà kejì, àwọn ọkùnrin ti ń wo ara wọn. Nígbà tó di ìlà kẹta, níbi tí orin náà ti ń gun òkè, kò sí ẹni tó lè bá mi dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ń ké, àwọn bàbá panu mọ́, ohùn èmi fúnra mi sì ya bí ògbólógbòó aṣọ. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn àlejò tó fi ìwé ètò ìsìn bo ẹnu. Lẹ́yìn èyí ni Ìyá Ìjọ, láìdìde lórí àga, dá orin kan náà nísàlẹ̀, ní ibi tí ohùn ìyá arúgbó lè dé; onílù gbà á, ìjọ gbè é, àwọn olórí sì wọlé. Bóyá ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀. Lójú mi, ó tó ọdún kan.

N kò lọ sí ìdánrawò orin ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Mi ò lọ lọ́sẹ̀ kejì, mi ò lọ lọ́sẹ̀ kẹta. Bí mo bá wá sí ìsìn, ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, mo ti ní èsì: "Mo fẹ́ rẹ ara mi sílẹ̀ ni. Kí àwọn tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn máa bá a lọ." Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí èsì yẹn ti dára tó! Àwọn àgbà gbóríyìn fún mi. Ẹnì kan tilẹ̀ fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù, pé ọ̀dọ́ tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ nìyí.

Ìyá Ìjọ nìkan ni kò yìn mí. Ó pè mí lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni o ń kọrin fún lọ́jọ́ ìkórè?"

Mo ní, "Olúwa ni, mà."

"Ṣé Olúwa ló rẹ́rìn-ín?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Ó wò mí títí, ó wá ní, "O gbé e lókè jù o, òótọ́ ni. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un." Ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni ìrẹ̀lẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń sọ pé "kò sí ẹni tó lè kọrin bí èmi" àti ẹni tó ń sọ pé "kò sí ẹni tó burú tó èmi", ọ̀rọ̀ ara wọn ni àwọn méjèèjì ń sọ. Nígbà tí mo dá orin lókè, èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Nígbà tí mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, èmi náà ni mi ò fẹ́ kí wọ́n rí. Nínú méjèèjì, n kò ronú kan orin, n kò ronú kan ìyá arúgbó tí ohùn rẹ̀ kò lè dé òkè. Ìgbéraga tó fara gbọgbẹ́ ni mo ń pè ní ìrẹ̀lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi sódì pé ìtìjú kò dára. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá fẹ́ bú ènìyàn dé egungun, aláìnítìjú la ó pè é. Akọrin tó ṣe àṣìṣe tí kò tilẹ̀ dùn ún, ẹ ṣọ́ra fún un, yóò tún ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìtìjú ń jẹ́ kí á mọ̀ pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa níye lórí. Ibi tó ń tì wá lọ ni kí á wò. Òmíràn ń ti ènìyàn lọ sí ìdánrawò. Òmíràn ń tì í lọ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi mọ ibi tí tèmi tì mí sí. (Àwọn kan sì wà, bí ẹ bá bá wọn wí, wọn a ní ṣebí Míkálì náà kẹ́gàn Dáfídì nígbà tó ń jó níwájú àpótí ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n torí ijó ni, kì í ṣe torí pé Dáfídì kò múra sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi bàbá náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ o.)

Ásáfù ni èmi máa ń rántí jù. Ọ̀kan nínú àwọn olórí akọrin Dáfídì ni, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí sáàmù méjìlá. Nínú Sáàmù 73, ó jẹ́wọ́ pé díẹ̀ ló kù kí ẹsẹ̀ òun yọ̀. Kí ló fà á? Àwọn ẹlòmíràn ló ń wò: wọn kò ṣe rere, síbẹ̀ nǹkan ń ṣẹnuure fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún títí ó fi wọ ibi mímọ́ Ọlọ́run lọ, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Ẹ ṣàkíyèsí pé inú ilé Ọlọ́run ló wọ̀, kò sá kúrò níbẹ̀. Ohun tó sì fi iyèméjì rẹ̀ ṣe ni pé ó sọ ọ́ di orin, ó fún ìjọ kọ. Olórí akọrin nìyẹn o!

Ìwé Kíróníkà Kìíní, orí 25, ka àwọn akọrin tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ orin Olúwa: 288 ni wọ́n, a pín wọn sí ọ̀wọ́ 24, méjìlá-méjìlá. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ìgbà iṣẹ́ wọn, àgbà àti ọmọdé bákan náà, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bákan náà. Kò sí ibi tí a ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ dúró dìgbà tí kò ní lè ṣe àṣìṣe mọ́. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ wọn ná.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kò wá sí ẹni tó yẹ kó kúrò lórí àga akọrin ni? Ó wà. Ẹni tí a kọ́ tí a sì tún kọ́, tí ọ̀gá akọrin tó fẹ́ràn rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ títí, tó sì sọ fún un pé ibòmíràn ni ẹ̀bùn rẹ̀ wà, kí ó lọ síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú ọjọ́ kan ni yóò dá ẹjọ́ yẹn.

Àwa Aládùúrà tún ní ìtìjú kan tí a jogún. Láti ìgbà Mósè Orímọládé àti Ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó ní 1925, àti ìgbà ìsọjí Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930, ni àwọn kan ti ń fi àtẹ́wọ́ àti orin wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń rò lọ́kàn pé ẹni tó mọ nóòtì nìkan ló mọ orin. Ohun tó mú mi gbé ohùn sókè lọ́jọ́ náà nìyẹn, nítorí àwọn tó wà lápá ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nǹkan kan fún yín nípa ẹni tó mọ nóòtì dáadáa. T. K. E. Phillips lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di atẹdùrù Kàtídírà tó wà ní Máríńà ní Èkó ní 1914, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1962. Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, ó rí i pé bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kò bá èdè wa mu. Orin ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń lọ sílẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: ẹ̀yin náà ẹ fi ohùn kan ṣoṣo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953, ó sì ń ṣe orin tó ń tẹ̀ lé ohùn èdè wa. Ẹ gbọ́ mi o: ìjọ tó kọ nóòtì náà pé pérépéré lè máa fi ẹnu pe ohun mìíràn níwájú Ọlọ́run, kò sì ní sí ẹni tí yóò fi ìwé bo ẹnu. Bàbá yẹn rí àléébù náà, kò tìtorí rẹ̀ fi ìdí dùrù sílẹ̀. Ó jókòó tì í ni.

Èmi náà lọ kọ́. Tíṣà kan tó ń gbé ládùúgbò wa kọ́ mi ní solfa nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Kí o tó dá orin, wá ibi tó ga jù nínú rẹ̀ ná, kí o kùn ún sínú. Bí ìyá tó jókòó níwájú rẹ bá lè dé ibẹ̀ láìna ọrùn, kí o wá sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀." Ó ní bí ó bá sì ti bàjẹ́, kí n dákẹ́, kí n mí, kí n tún un dá, kí n má ṣe máa bẹ ìjọ lọ títí, nítorí ẹ̀bẹ̀ gígùn tún ń pe ojú wọn sára mi ni.

Ẹ̀yin ìjọ náà ní ti yín ńbẹ̀. Ẹ̀rín àwọn ọmọdé kì í pẹ́ tán. Èyí tó ń pa akọrin ni "ẹ kú iṣẹ́, ó dùn gan-an" tí a ń sọ nígbà tí kò dùn. Bí ó bá ti gbọ́ irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní mọ ìgbà tí a yìn ín lóòótọ́ mọ́, iyèméjì rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. Ìyá Ìjọ kò parọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni kò lé mi.

Mo padà sórí àga akọrin lọ́sẹ̀ kẹfà. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1982, ọ̀gá akọrin tún fọwọ́ kàn mí léjìká. Ìbẹ̀rù òkè ti mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dá a nísàlẹ̀ jù. Nígbà tó di ìlà kejì, àwọn bàbá ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn ọmọdé tún rẹ́rìn-ín, wọn kò kúkú tíì gbàgbé. Mo bojú wo Ìyá Ìjọ. Lọ́jọ́ yìí, kò dá orin kankan. Ó dìde, ó gbé ìwé orin rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ń dúró dè mí. Mo dákẹ́, mo mí, mo wá ibi tó ga jù, mo kùn ún sínú, mo sì tún un dá. Òun ló kọ́kọ́ gbè é.