Ṣé Àìlówó Tó Àwíjàre fún Iṣẹ́ Burúkú?

Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣe iṣẹ́ tí kò dára. Ó ní: "Ẹ má bínú, n kò lówó ra irinṣẹ́ ni." Ṣé kí a dá a láre? Iṣẹ́ àwọn tí ń ya fọ́tò ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Láàárín wa, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ, fọ́tò kì í ṣe ohun eré. Bí àgbàlagbà bá kú, fọ́tò rẹ̀ ni a ń gbé síta níbi ìsìnkú. Òun náà ni a ń gbé kọ́ sára ògiri. Ọmọ-ọmọ tí kò bá ìyá àgbà láyé, inú fọ́tò ni yóò ti mọ ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá arúgbó kan wọ aṣọ tí ó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì mú un lọ sí ilé fọ́tò. Ayàwòrán ní kí ìyá jókòó sí abẹ́ àmpúlù kan tí ó wà ní àárín àjà. Ó yà á, ó gba owó. Nígbà tí fọ́tò jáde, iwájú orí àti imú ìyá ń dán, ṣùgbọ́n òkùnkùn bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ayàwòrán ní: "Iná tí àwọn ará ìlú ńlá ń lò wọ́n. Agbára mi kò ká a." Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá kú. Fọ́tò kan ṣoṣo náà ni ó kù. Ta ni yóò tún un yà?

Òótọ́ ni pé iná náà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Àmpúlù kékeré tí kò ní ìbòjú máa ń mú òjìji líle wá, bí oòrùn ọ̀sán gangan. Iná tí ó bá fẹ̀, tí ó sì súnmọ́ ènìyàn, òjìji rẹ̀ a máa rọ̀. Nítorí náà, kí iná fẹ̀, kí a sì gbé e sí ibi tí ó yẹ, ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èyí kò ju agbára wa lọ.

Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 1. Ẹ fi ìṣó kàn wọ́n pọ̀ bí férémù fèrèsé. Ẹ na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lójú, kí ẹ sì gbé iná sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo aṣọ náà yóò di iná. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn, kí ó ga ju ojú rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ó má ṣe wà ní àtàrí rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ gbé páálí tí a lẹ ìwé funfun mọ́ dúró. Yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sí apá ojú tí ó ṣókùnkùn. Bí kò bá sí iná mànàmáná ńkọ́? Ẹ gbé àga sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà tí ó fẹ̀, níbi tí oòrùn kò ti wọlé tààrà. Ẹnu ọ̀nà náà yóò ṣe iṣẹ́ kan náà.

Seydou Keïta ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ ní Bamako, ní ilẹ̀ Màlì, ní ọdún 1948. Nínú àgbàlá ni ó ti ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Aṣọ ìtẹ́bùsùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ta sí ẹ̀yìn wọn. Ó kú ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ń fi àwòrán rẹ̀ han ayé. Kò sí ẹni tí ń bi í léèrè pé èló ni aṣọ náà.

Ẹnìkan lè béèrè pé: "Ṣé kì í ṣe ìrẹ́jẹ láti gba owó lórí iná tí a fi igi àti aṣọ ṣe?" Rárá. Ojú ìyá wọn ni àwọn ènìyàn wá gbà, wọn kò wá ra iná. Ìrẹ́jẹ ni bí a bá purọ́ pé Paris ni iná náà ti wá.

Ṣùgbọ́n ìdáwósí ní ààlà. A lè dá owó sí lórí igi àti aṣọ, kí a má ṣe dá a sí lórí okùn iná. Okùn tí ó bó lè pa ènìyàn. Àmpúlù àtijọ́ máa ń gbóná gan-an. Bí aṣọ bá kàn án, ilé lè jó. Ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn, kí ẹ sì fi àpò yanrìn tẹ ẹsẹ̀ férémù mọ́lẹ̀, kí ó má baà wó lu ọmọdé. Tálákà lè fi ara rẹ̀ du ìgbádùn; kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wéwu.

A kò dá aláìní lẹ́bi. Àwọn nǹkan kan wà tí owó nìkan lè ṣe. Bí ẹ̀rọ fọ́tò bá bàjẹ́ pátápátá, ọgbọ́n kò lè rọ́pò rẹ̀. Kí oníṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó gba owó, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù wa bi ara rẹ̀ pé: "Bí a bá fún mi lówó lónìí, ṣé n ó ṣe iṣẹ́ yìí lọ́nà mìíràn?" Ayàwòrán tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí a bá fún un ní iná ńlá, àtàrí ìyá náà ni ì bá tún gbé e kọ́. Kò wo ojú ìyá kí ó tó yà á. Wíwò kì í gba owó. Àìbìkítà ni ó ṣe é, ó wá fi orúkọ àìlówó pè é.

Àwọn àgbà ní, bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe náà gbà pé kí a pààrọ̀ ohun tí a fi ń rúbọ. Kò sọ pé kí a má rúbọ.