ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: BÀBÁ TÓ BÉÈRÈ WÀLÁÀ

  

Bíbélì kíkà: Lúùkù 1:57-66. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ kà á tán ná, kí ẹ tó máa bá mi bọ̀.

Lónìí, ẹ̀yin òbí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí etí yín kò gbọ́ dáadáa mọ́, tí ẹ sì ń fi í pamọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ara yín ni mo wà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí etí ọ̀tún mi ti ń di díẹ̀díẹ̀, ti òsì náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Òní ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó là mí lójú. Nígbà òjò tó kọjá, ìyá àwọn ọmọ mi lọ ṣe àìsùn ní Àkúrẹ́. Èmi àtàwọn ọmọ nìkan la wà nílé. Ibà gbé àbíkẹ́yìn wa lóru. Ó pè mí, ó pè mí, ó pè mí. Etí òsì tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀ ni mo fi lé ìrọ̀rí, èyí tó ti di ló wà lókè. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló dìde, ló bu omi fún un, ló ń fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀. Nígbà tí mo jí láago márùn-ún, mo bá àwọn méjèèjì lórí ẹní ní pálọ̀, oorun ti gbé wọn lọ.

Mo bi ẹ̀gbọ́n pé kí ló dé tí wọn ò jí mi. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kó má pè yín mọ́, pé ẹ ò ní gbọ́."

Ara ọmọ yá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ náà ò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní òjò ń rọ̀. Ó ti gbà pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun ò ní bàbá tí òun lè pè.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Sakaráyà.

Àlùfáà ni, àgbàlagbà ni, ó sì ti retí ọmọ títí. Nígbà tí áńgẹ́lì mú ìròyìn wá, kò gbà á gbọ́, ó sì yadi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 62 dáadáa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bi í léèrè orúkọ ọmọ, àmì ni wọ́n ṣe sí i. Ẹni tó yadi nìkan, ṣé a máa ń fọwọ́ ṣàpèjúwe fún un ni? Ẹnu la ó fi bá a sọ̀rọ̀, yóò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì fi gbà pé etí bàbá náà ti di pẹ̀lú.

Kí ó tó di pé mo tẹ̀ síwájú, ẹ má ṣe ti ibí yìí dá ara yín lẹ́jọ́ o. Ti Sakaráyà ní ìdí tirẹ̀. Nínú Jòhánù 9, Jésù jẹ́ kó yé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo àìlera ni ẹ̀ṣẹ̀ ń fà. Etí yín tó di kì í ṣe ẹ̀rí pé Ọlọ́run ń bínú sí yín.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ìkómọ ṣe máa ń rí: ará ilé, ará àdúgbò, kálukú ló ní ohun tó fẹ́ sọ. Wọ́n ti fún ọmọ lórúkọ tán lọ́kàn wọn. Bàbá ọmọ jókòó síbẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ lójú rẹ̀. Ìyá ọmọ ló kọ̀ fún wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú sí bàbá.

Kí ni bàbá ṣe? Ká ní èmi ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ǹ bá mi orí. Àwa tí a ò gbọ́ràn dáadáa mọ orí mímì ju àlàngbá lọ. A ó rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, a ó ní "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun tí a ò gbọ́. Lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ń sọ fún mi pé oyún tí òun ń retí ti bàjẹ́. Mo rò pé àdúrà ló ń bẹ̀ mí. Mo ké "Àmín!" mọ́ ọn lójú. Ojú tí ó fi wò mí, mi ò lè gbàgbé. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí fífi nǹkan pamọ́ gbé mi dé.

Sakaráyà ò mi orí. Kò bínú kúrò láàárín wọn. Kò sì ní kí wọ́n dúró títí ara òun á fi yá kí òun tó ṣe bàbá. Ó béèrè wàláà. Ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i, ó yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní ẹsẹ 64, ni ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí.

Ẹ̀yin ará, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí nìyí: wàláà ló ṣáájú ìwòsàn. Sakaráyà ṣe ojúṣe bàbá nígbà tí kò tíì sàn. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè wàláà tiyín.

Kí ni wàláà? Ohunkóhun tó bá lè jẹ́ kí ìwọ àti ọmọ rẹ máa gbọ́ ara yín ni. Ní ilé tiwa, mo pe àwọn ọmọ jókòó, mo sì jẹ́wọ́ fún wọn pé, "Etí Dádì ò gbọ́ dáadáa. Kì í ṣe pé mi ò kà yín sí." A wá ṣètò. Ẹni tó bá fẹ́ mi lóru, kó wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ìgbàkígbà tó bá jẹ́. Apá òsì mi ni kí wọ́n máa dúró sí. Kí wọ́n wá síwájú mi kí n rí ẹnu wọn, kí wọ́n má pariwo láti yàrá kejì. Tí mi ò bá gbọ́, màá sọ pé mi ò gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbíkẹ́yìn fọwọ́ kàn mí láago méjì òru. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màá jí ni. Mo jí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ọ́. Wàláà tiwa nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wàásù nílẹ̀ Yorùbá wa yìí dití pátápátá. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn mẹninjáítìsì gba etí rẹ̀. Kò gbọ́ràn padà títí ó fi kú ní 1987. Ní 1957, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé fún àwọn adití ní Àkrà. Ní 1960, ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé ìwé tó tipasẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30. Adití ni Berta ìyàwó rẹ̀ náà, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àwọn méjèèjì sì tọ́ ọmọ márùn-ún. Ọwọ́ wọn ni wàláà wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù àti ìtìjú pọ̀ sí.

Fún ọdún márùn-ún, mi ò lọ rí dókítà kankan. Kí làwọn èèyàn máa wí? Ajíhìnrere tó ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn, òun náà ló tún ń wá oníṣẹ́ abẹ? Mo gbààwẹ̀, mo da òróró àdúrà sí etí ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ má da ohunkóhun sínú etí tó ń ṣọyún tàbí tó ti di, ìbáà ṣe òróró, àdín tàbí omi gbígbóná. Ẹ má fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí kọ́kọ́rọ́ tọ́ ọ. Tí awọ inú etí bá ti lu, ohun tí ẹ dà sí i yóò wọ inú lọ, yóò sì dá kún ìṣòro náà.

Nígbà tí mo lọ tán, dókítà etí, imú àti ọ̀fun yẹ̀ mí wò. Ó gbé irin kékeré kan tó ń dún sí egungun ẹ̀yìn etí mi, mo gbọ́ ọ. Ó gbé e síwájú ihò etí, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní èyí fi hàn pé ohùn ni kò rọ́nà kọjá. Egungun mẹ́ta ló wà nínú etí. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ ló kéré jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn, kò ju ìwọ̀n mìlímítà mẹ́ta lọ. Ó yẹ kó máa mì kó lè gbé ohùn wọlé. Tèmi ti gan pa, kò mì mọ́.

Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Mo lè fi í sílẹ̀ kí a máa ṣọ́ ọ. Mo lè lo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń fi sétí. Tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ: wọ́n á yọ lára egungun yẹn, wọ́n á sì fi ọ̀pá tín-ín-rín kan dípò rẹ̀. Dókítà John Shea ti Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lóde òní ní 1956. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló ń gbọ́ràn dáadáa sí i. Ṣùgbọ́n nínú 100 ènìyàn, bí ẹnì kan lè pàdánù ìgbọ́ràn etí náà pátápátá. Òòyì lè kọ́ni fúngbà díẹ̀. Mi ò sì ní gbé ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ì báà jẹ́ àpò kòkó, ì báà jẹ́ ọmọ tó ní kí n gbé òun pọ̀n. Etí kan ni wọ́n máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, èyí tó burú jù ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Mi ò tíì fọwọ́ sí ìwé. Ìyàwó mi ní ká ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò sọ mọ́ pé àìgbàgbọ́ ni. Ẹ lọ ka 2 Ọba 20. Ọlọ́run ṣèlérí fún Hesekáyà pé ara rẹ̀ á yá, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé eéwo náà. Àdúrà ò lé oògùn jáde. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló sì bá gbogbo etí mu. Ìdọ̀tí lásán ló dí ti ẹlòmíràn, ariwo ẹ̀rọ ìlọta tàbí jẹnẹrétọ̀ ló ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ná. Ẹ bi dókítà léèrè: kí ló ń ṣe mí gan-an? Kí ló lè bàjẹ́? Kí ni màá ṣe tí mi ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ? Dókítà tó bá mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìbéèrè.

Ìwọ nìkan kọ́ o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé àwọn tí ìgbọ́ràn wọn dín kù láyé yìí lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin ará ìjọ, ọ̀rọ̀ kan fún yín. Nínú Máàkù 7, nígbà tí Jésù fẹ́ wo adití sàn, ó mú un kúrò láàárín èrò. Kò fi í ṣe ìran wò. Ẹ jẹ́ ká dẹ́kun pípe irú wọn síwájú pẹpẹ, ká máa bi wọ́n lórí gbohùngbohùn pé "Ṣé ẹ ti ń gbọ́ báyìí?" Ẹni tí ojú ń tì yóò ní òun ń gbọ́, yóò sì padà sílé bó ṣe wá.

Iṣẹ́ òní: kí ilẹ̀ tó ṣú, sọ òtítọ́ nípa etí rẹ fún àwọn ọmọ rẹ, kí o sì bi wọ́n pé, "Ìgbà wo lẹ pè mí tí mi ò dáhùn?" Ìdáhùn wọn lè dùn ọ́. Gbà á.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Bàbá, Ìwọ tí etí Rẹ kì í di sí igbe wa, ṣàánú àwọn òbí tí etí wọn ti wúwo. Mú ìtìjú kúrò lára wa. Fún wa ní ọgbọ́n láti yan èyí tó tọ́, kí O sì tọ́ ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú wa. Bí ìwòsàn bá yá, bí ó bá pẹ́, má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ wa pè wá títí kó sú wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí òbí kan tó nílò rẹ̀. Ẹ sì rántí mi nínú àdúrà, èmi àti ìwé tí mi ò tíì fọwọ́ sí.

Ajíhìnrere yín, láti Ìdànrè.