Púlọ́ọ̀gì àti Páálí Rẹ̀



Ọmọkùnrin kan tó kéwú lọ́dọ̀ wa ní Aisegba-Èkìtì, tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì báyìí, bi mí lẹ́yìn ìrun Aláásárì pé: "Àáfà, ọ̀gá mi ní kí n máa ra púlọ́ọ̀gì pọ́ọ́kú, òun á sì gba owó orijínà lọ́wọ́ oníbàárà. Ṣé èmi náà jẹ̀bi?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní orijínà. Púlọ́ọ̀gì inú páálí Toyota, Toyota kọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é; ilé-iṣẹ́ bíi Denso ní Jàpáàn ló ń ṣe é fún un. Denso yìí náà ń tà nínú páálí tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ra ti Denso, NGK tàbí Bosch ti Jámánì, tó sì bá ẹ́ńjìnnì náà mu, kò ra ayédèrú. Kódà púlọ́ọ̀gì tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí kì í ṣe hàráàmù. Ayédèrú ni èyí tí wọ́n lẹ orúkọ olórúkọ mọ́. Ìyẹn, bí oníbàárà tilẹ̀ gbà á, n kò rí bó ṣe lè di hàláàlì: olè orúkọ ni, àwọn èrò tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí Adó kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbà á.

Níbo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá yìí wà? Ẹnu rẹ̀ ni. Oníbàárà kò lè rí inú ẹ́ńjìnnì. Ìmọ̀ mẹkáníìkì gan-an ló wá rà. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá a pé ìsàlẹ̀ tutù. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè káwọn ènìyàn rí i. Ẹ wò ó dáadáa: kò ní kó má tà á.

Ọmọ-iṣẹ́ ńkọ́? Ó ku ọdún kan kó gba fríídọ̀mù, èmi kọ́ ni mo sì sanwó iṣẹ́ fún un, n kò lè ní kó kúrò lọ́la. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún oníbàárà pé orijínà ni, kì í ṣe ẹni tí a rán níṣẹ́ mọ́.

Mo ní kó máa fi páálí lé oníbàárà lọ́wọ́, kó má sọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá kì í jẹ́ kí páálí pẹ́ nílẹ̀, iná ló ń sọ ọ́ sí.

Mo bi í pé kí ló dé tó ń sun ún. Kò dá mi lóhùn.