Ẹ̀yìn Àwòrán

Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, túmọ̀ àwòrán sí à-wò-rántí: ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Ìtumọ̀ náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú àwòrán nìkan kò tó fún ìrántí. Ẹni tí ó bá ti tú àpótí fọ́tò àtijọ́ rí mọ̀ pé ìgbà tí a bá yí ẹ̀yìn fọ́tò wò ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni òǹtẹ̀ ayàwòrán wà. Níbẹ̀ ni a fi báírò kọ ọjọ́ ìnáwó sí, àti orúkọ àwọn tí wọ́n dúró, láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ ohun tí ó kọ. Bí kò bá wù ú kí a mọ ẹnìkan, yóò fo orúkọ onítọ̀hún. Mo ti rí fọ́tò tí wọ́n fi yíǹkì pa orúkọ ìyàwó kan rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín lọ níwájú.

Àwòrán tí fóònù ń yà lóde òní náà ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ ọ́. Bí a bá ti tẹ kámẹ́rà, ẹ̀rọ náà yóò kọ ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí a ya àwòrán. Yóò kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é àti irú èyí tí ó jẹ́. Yóò kọ bí ojú kámẹ́rà ti ṣí pẹ́ tó, àti bóyá iná rẹ̀ kọ mànà. Bí a kò bá sì dá a lẹ́kun, yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu sátẹ́láìtì, yóò fi nọ́ḿbà kọ ibi tí a dúró sí. Metadata ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Japan ni wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, Exif, jáde ní 1995. Àwọn oníwèé ìròyìn ní tiwọn, IPTC, fún orúkọ ayàwòrán àti àlàyé àwòrán.

Wíwò rẹ̀ kò ṣòro. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù, a ó ṣí àwòrán, a ó fi ìka fà á sókè, tàbí kí a tẹ àmì lẹ́tà i. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, a ó fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, a ó yan Properties, lẹ́yìn náà Details. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan lè lo ExifTool, iṣẹ́ ọwọ́ Phil Harvey, tí ó ti wà láti 2003. Òye ohun tí a rí ni ó gba sùúrù. Bí a bá rí 7° 23′ N àti 3° 55′ E, yóò dà bí ìṣirò ọmọ ilé ìwé lásán, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni. Bí àwọn nọ́ḿbà kéékèèké tí ó tẹ̀lé e bá sì pé, kì í ṣe Ìbàdàn lásán mọ́, ojúlé ni.

Àrokò ni ọ̀rọ̀ yìí ń mú wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tí a fi àrokò rán kì í sábà mọ ìtumọ̀ ẹrù tí ó gbé; ẹni tí ó pa á àti ẹni tí a pa á sí ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Tiwa tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí a ń fi àwòrán ránṣẹ́ rò pé àwa ni a rán iṣẹ́, láìmọ̀ pé a ti di ìránṣẹ́ tí ń gbé àrokò tí ẹnikẹ́ni kò pa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí John McAfee fi èyí hàn. Ọkùnrin yìí, tí ó dá ilé iṣẹ́ ìdènà kòkòrò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, sá kúrò ní Belize ní 2012, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nípa aládùúgbò rẹ̀ kan tí wọ́n pa. Àwọn oníròyìn Vice wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń yangàn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn wà. iPhone ni wọ́n fi yà á. Àwọn tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí i pé ẹ̀bá Río Dulce ní Guatemala ni. McAfee kọ́kọ́ ní òun ni òun mọ̀ọ́mọ̀ yí àwọn nọ́ḿbà náà padà. Kò pẹ́ tí ó fi gbà pé Guatemala ni òun wà lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ mú un nítorí pé ó wọ ìlú láìgba àṣẹ. Èmi kò káàánú McAfee púpọ̀. Àwọn oníròyìn náà ni mo ń bá wí. Ẹni tí gbígbé àwòrán jáde jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn àwòrán.

Ẹni tí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò ńkọ́? Ti McAfee rọrùn láti dá, nítorí pé ìjọba ń wá a. Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí tí kò rọrùn yẹ̀ wò. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń ta aṣọ òfì láti inú yàrá rẹ̀. Ó ya àwòrán aṣọ, ó fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà tí kò rí rí. Ibi tí ó ń sùn wà nínú fáìlì náà. Oníbàárà kò fọ́ ilẹ̀kùn, kò jí nǹkan kan; wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ni. Ǹjẹ́ ó jẹ̀bi bí ó bá kà á?

Àwọn kan yóò ní ohun tí a kò tì pa, ti gbogbo ayé ni. Èmi kò gbà. Ẹnu ọ̀nà agboolé a máa wà ní ṣíṣí sílẹ̀, síbẹ̀ àlejò a ké àgò, kì í sì í wọlé títí wọn yóò fi dá a lóhùn pé àgò yà. Ní ojú ọ̀nà oko, wọn a máa pàtẹ iṣu àti ọsàn sílẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Òkúta wẹẹrẹ tí wọ́n tò tì í ni ó ń sọ iye owó rẹ̀. Ẹni tí ń kọjá tí kò lówó lọ́wọ́ kò rò pé òun lè gbé e nítorí pé ojú kò sí níbẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ṣèèṣì rí nǹkan ni òwe yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká aṣọ sókè kò ṣèèṣì. Ó kéré tán, ẹni tí ó bá ti kà á yẹ kí ó sọ fún ẹni tí ó ni ín: “Ẹ jọ̀wọ́, ojúlé yín wà nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.” Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn kan. Àwọn kan dúpẹ́. Ọ̀kan bínú, ó ní kí ni mo ń wá lẹ́yìn fọ́tò òun. Ìbéèrè gidi ni ó bi mí.

Àwọn mìíràn ní kí a kúkú máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. WhatsApp a máa yọ ọ́ kúrò bí a bá fi àwòrán ránṣẹ́ lọ́nà tí ó wọ́pọ̀. Bí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, gbogbo rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Facebook náà ń yọ ọ́ fún àwọn tí ń wò, bí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tilẹ̀ lè ti kà á. Ṣùgbọ́n orúkọ ayàwòrán ń bá ohun tí a ń dà nù lọ. Ní 2016, ilé ẹjọ́ kan ní Hamburg, ní Jámánì, dá Facebook lẹ́kun pípa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn tí ayàwòrán kan pè é lẹ́jọ́. Ó yẹ kí àwa mọ ìrora rẹ̀, nítorí pé àìmọye fọ́tò dáradára ni ó wà nílé wa tí a kò mọ ẹni tí ó yà á mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ òtítọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Aago kámẹ́rà tí a kò tò dáadáa yóò kọ ọdún tí kò jọ ọ́. Ẹni tí ó fi fóònù ya fọ́tò ìgbéyàwó ọdún 1962 ní 2019 yóò bá 2019 nínú fáìlì. Ẹni tí ó sì ní ExifTool lè kọ ohun tí ó wù ú síbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá ka ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ padà wo ojú: òjìji ń sọ wákàtí, ewé igi ń sọ bóyá ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí òjò.

Bí gbogbo nọ́ḿbà bá tilẹ̀ pé, ohun kan ṣì wà tí wọn kò lè sọ. Ní 1978, Stephen Sprague kọ̀wé nínú African Arts nípa àwọn ayàwòrán Yorùbá, pàápàá ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, ayàwòrán a máa ya èyí tí ó kù nìkan, a sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sí ojú kan, kí ìbejì lè jókòó ti ara wọn. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tí ó kù sì jẹ́ obìnrin, wọn a ya ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú aṣọ àwọn méjèèjì. Bí irú kámẹ́rà tiwa bá wà nígbà náà, ẹ̀yìn àwòrán náà ì bá sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni a tẹ kámẹ́rà, ìṣẹ́jú díẹ̀ síra, lójú kan náà. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Ìyá tí ó gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri kò sì purọ́: ọmọ méjì ni ó bí, ọmọ méjì ni ó ń wò. Ọ̀mọ̀ràn tí ó bá wọ pálọ̀ rẹ̀ láti wá ka nọ́ḿbà fún un pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó jókòó níwájú kámẹ́rà, kí ni ó fẹ́ kí ìyá náà fi ìmọ̀ yẹn ṣe?